Yanrìn dúdú etíkun Sẹ̀mẹ̀: èwo nínú rẹ̀ ló ń fara da iná ìléru?

Alágbẹ̀dẹ Ṣábẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìléru eléèédú kan là ń lò ní Ṣábẹ̀ níbí, fáànù ló ń fẹ́ iná rẹ̀. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì jìn ní 40. Nígbà tó jẹ́ alúmíníọ̀mù nìkan là ń yọ́, amọ̀ pupa tí a fi rẹ́ inú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ní báyìí tí a ti ń yọ́ idẹ, tí a sì fẹ́ bọ́ sórí fọ́ǹtì (irin dídà) ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́, amọ̀ yẹn ò gbé e mọ́. Ó ń yọ́ dán níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, àwọn ibòmíràn sì ń sán.

Wọ́n ní yanrìn dúdú tó máa ń hàn létíkun Benin láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Kraké ní ohun kan nínú tí iná kì í tètè yọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí a pò ó mọ́ amọ̀ bó ṣe wà, àbí ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́, èló la sì máa nílò fún ìléru tó tó báyìí? Bí a bá lè fi rẹ́ gbogbo inú rẹ̀ nípọn sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, inú wa á dùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Òótọ́ ni pé ohun tó ń fara da iná wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dúdú yẹn lẹ ń wá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Nínú ohun tó dúdú yẹn, ilmenite ló sábà máa ń pọ̀ jù, magnetite sì máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Irin wà nínú àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá pò ó mọ́ amọ̀, tí iná èédú wá ń jó níbẹ̀, gáàsì èédú á fa ọ́síjìn díẹ̀ kúrò lára irin náà, irin yẹn á sì mú yanrìn inú amọ̀ mọ́ra. Ohun tí àwọn méjèèjì bá bí, fayalite lorúkọ rẹ̀, 1,205 °C ló ti ń yọ́. Bẹ́ẹ̀, fọ́ǹtì tí ẹ fẹ́ dà, ẹ máa gbé e dé nǹkan bí 1,300 °C kó tó ṣàn wọ mọ́ọ̀lù dáadáa. Ògiri ìléru á ti máa ṣàn kí fọ́ǹtì tó ṣeé dà. Nítorí náà, ẹ má po yanrìn dúdú mọ́ amọ̀ rárá.

Zircon lẹ ń wá. Hóró rẹ̀ kéré, ó sábà máa ń wà láàárín mílímítà 0.1 sí 0.2. Kò láwọ̀, tàbí kó pupa rẹ́súrẹ́sú, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ omi ní ìwúwo, ìyẹn ló fi máa ń wà pọ̀ mọ́ dúdú yẹn: ìgbì ń gbé yanrìn funfun lọ, ó ń fi àwọn tó wúwo sílẹ̀. Iná ò tú zircon ká títí yóò fi dé nǹkan bí 1,675 °C. Kì í fẹ̀ lójijì bí iná bá ń gòkè. Yanrìn funfun, quartz, máa ń fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní 573 °C, ó sì ń sún kì bó bá ń tutù padà. Bí amọ̀ yín bá ní yanrìn púpọ̀, ara ohun tó ń sán an nìyẹn. Àǹfààní kẹta ni pé irin tó ti yọ́ kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ zircon. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ńlá fi ń lò ó ní ẹnu ibi tí irin gbígbóná ti ń jáde.

Kí ẹ tó lọ sí etíkun, ẹ gbọ́ èyí o. Òfin Benin ò fàyè gba wíwa yanrìn etíkun, torí òkun ń jẹ ilẹ̀ wa, pàápàá láti Kútọnu lọ sí apá ìlà oòrùn. Yanrìn ọ̀sà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà láwọn ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni àwọn bíríkìlà ń rà. Ẹ lè fọ ìyẹn wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wúwo nínú rẹ̀ máa ń kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ̀, ẹ̀yìnkùlé yín ni mo máa kọ́kọ́ wò ní tèmi. Inú òkúta granite àti gneiss ni zircon ti ń wá, irú òkúta yẹn ló sì wà nílẹ̀ yín. Òjò àti odò ló ń gbé e kúrò lára òkúta kó tó dé òkun. Ẹ wo ìkọ̀rọ̀ odò níbi tí omi ti ń rọra yí, lápá inú, àti ẹ̀yìn òkúta ńlá tó dúró láàárín omi. Bí ilà dúdú bá wà nínú yanrìn níbẹ̀, ẹ fọ igbá kan wò. Yanrìn odò ò ní iyọ̀, kò ní ìkarawun, àwọn méjèèjì yẹn sì ni ọ̀tá yín tó kù lẹ́yìn irin. Ẹ ṣáà gba àṣẹ ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) kí ẹ tó kó púpọ̀.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ajọ̀ tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà kan jọ̀ ọ́. Òkúta, ìdọ̀tí àti ọ̀pọ̀ ìkarawun á dúró lókè, ẹ dà á nù. Bó bá jẹ́ yanrìn tó ti kan omi òkun, ẹ fi omi kànga fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ máa da omi rẹ̀ nù pátápátá. Iyọ̀ tó bá kù á gbé sódíọ̀mù wọ inú ògiri ìléru, sódíọ̀mù yẹn á sì jẹ́ kí amọ̀ yọ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kan gọ́tà onípákó: gígùn mítà méjì, ìbú sẹ̀ǹtímítà 30, kápẹ́ẹ̀tì onírun kúkúrú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí orí rẹ̀ ga ju ìdí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ po yanrìn kílò kan mọ́ omi kílò mẹ́ta, kí ẹ máa rọra dà á láti orí, kí omi máa wá ní ìwọ̀n kan náà. Kápẹ́ẹ̀tì ló máa bá yín sọ̀rọ̀. Bí ìdajì mítà tó wà lókè bá ń dúdú, tí ìsàlẹ̀ ń funfun, ó dára. Bí dúdú bá ń dé ìdí gọ́tà, omi ti le jù tàbí gọ́tà ti dagẹ̀rẹ̀ jù. Bí yanrìn funfun bá bo kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, omi ò tó. Ẹ máa yọ kápẹ́ẹ̀tì fọ̀ sínú bàsíà kó tó kún. Ohun tó wà nínú bàsíà yẹn, igbá lẹ máa fi parí rẹ̀: ẹ rì í sínú omi, ẹ máa yí i, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú kí funfun máa bọ́ kúrò. Ẹ má fi ìwàǹwára ṣe é, torí zircon kéré, omi tó bá fò lójijì á gbé e lọ pẹ̀lú yanrìn.

Diogo ní Senegal náà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ìwúwo ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yà á. Ẹ̀rọ oníyípo ló wà níbi tí gọ́tà yín wà.

Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá, kí ẹ sì tún yan án díẹ̀ nínú agbada kó gbóná tó ohun tí ọwọ́ ò lè dì mú. Hóró tó tutù máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, òòfà ò sì ní lè yà wọ́n. Òòfà méjì lẹ nílò. Àkọ́kọ́ ni dúdú tó wà lẹ́yìn sípíkà àtijọ́, ó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú rédíò. Ìyẹn á fa magnetite nìkan. Èkejì ni òòfà neodymium, irú fàdákà kékeré tó wà nínú háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́. Ìyẹn lágbára gan-an, òun ló máa fa ilmenite, garnet àti staurolite, ìyẹn àwọn hóró mìíràn tó ní irin nínú. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí ẹ lè máa rí nǹkan bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ tẹ́ yanrìn náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ìwé dídán, kí hóró kan má gun orí èkejì, kí ẹ gbé òòfà kọjá lókè rẹ̀ ní mílímítà márùn-ún, lẹ́yìn náà ní méjì, lẹ́yìn náà kó fara kàn án. Ẹ tún un ṣe títí òòfà á fi máa jáde lófìfo.

Ohun tó kù á jẹ́ zircon, rutile tó pupa bí èédú iná, kyanite bó bá wà, àti quartz tó sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tún fi igbá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí quartz lè jáde.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó mọ́: ẹ wọ̀n ìgò lítà kan tó ṣófo, ẹ kún un fún yanrìn yẹn, ẹ gbọ̀n ọ́n kó jókòó, ẹ tún un wọ̀n. Yanrìn lásán á wọ̀n nǹkan bíi kílò 1.6. Zircon tó mọ́ á wọ̀n nǹkan bíi 2.7 tàbí 2.8. Bí tiyín bá jẹ́ 2.2, quartz ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ilmenite náà wúwo o, nítorí náà, ojú gbọ́dọ̀ ti òṣùwọ̀n lẹ́yìn: bí ẹ bá ṣì ń rí dúdú, ẹ padà sídìí òòfà. Ẹni tó bá ní iná UV onígbì kúkúrú, irú èyí tí àwọn olókùúta iyebíye ń lò, kó tàn án sí i nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ zircon á yọ àwọ̀ ọsàn, quartz kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má wo iná yẹn lójú, kó má sì kan ara yín.

Amọ̀kòkò Kétu

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ lórí yíyọ. Èmi fẹ́ fèsì sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yẹn, torí ìṣirò rẹ̀ ò gbè yín.

Inú ìléru yín, ògiri àti ìdí pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.45. Bí ẹ bá fi zircon rẹ́ ẹ nípọn sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó ju lítà 22 lọ, zircon tí a gún mọ́lẹ̀ sì wúwo ní kílò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní lítà kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi kílò 70 nìyẹn. Ká ní yanrìn tí ẹ rí ní ohun wúwo 2% nínú, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn sì jẹ́ zircon, tọ́ọ̀nù kan á fún yín ní kílò méjì. Tọ́ọ̀nù 35 lẹ máa fọ̀! Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mílímítà kan lẹ fẹ́ fi kun orí ògiri, kílò kan àti díẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kí zircon jẹ́ awọ ara, kí nǹkan mìíràn jẹ́ ẹran.

Ẹran yẹn, ẹfun ni kó jẹ́, ìyẹn kaolin, kì í ṣe amọ̀ pupa. Àwọ̀ pupa yẹn irin ni, ẹ sì ti ka ohun tí irin ń ṣe lókè. Eérú èédú tún máa ń bù lé e: pọ́táṣì inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé dán bí ìkòkò tí wọ́n fi gíláàsì kùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹfun lọ́jà, ẹ béèrè dáadáa, torí wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí òmíràn fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Irú yẹn ò wúlò fún yín.

Ẹ mú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹfun náà, ẹ mọ ọ́n ní ìṣù kéékèèké, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sun ún nínú ìléru yín gan-an ní iná tó le jù tó lè ṣe. Nígbà tó bá tutù, ẹ fọ́ ọ. Èyí ló máa rọ́pò àpáàdì gígún. Bíríkì iná tó ti fọ́ náà dára bí ẹ bá rí i. Kí ìdajì rẹ̀ wà láàárín mílímítà kan sí mẹ́ta, kí ìyókù kúná ju mílímítà kan lọ. Tí ẹ bá lọ gbogbo rẹ̀ kúná, ògiri á sún kì, á sì là. Hóró ńlá ló ń dá ìlà dúró kó má lọ jìnnà.

Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, kílò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ife: ẹfun sísun 65, ẹfun tútù 35. Omi rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹ bu ú sọ́wọ́, ẹ fún un: kó dì mọ́ra, kó má lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan kí omi lè dé gbogbo ibi. Ẹ wá máa gún un mọ́ ara ògiri ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ máa ha ojú ibi tí ẹ ti gún kó rí ṣákaṣàka kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Bí ẹ ò bá ha á, ibẹ̀ ló máa ti ya.

Bí ẹ bá rí kyanite nínú ohun tó kù lẹ́yìn òòfà, hóró rẹ̀ gùn pẹlẹbẹ, ó sì máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ẹ má dà á nù. Bí iná bá ti kọjá nǹkan bí 1,350 °C, ó ń yí padà di mullite, ohun mìíràn tó ń fara da iná, ó sì ń fẹ̀ ní nǹkan bí 16 sí 18% bó ṣe ń yí padà. Ẹfun tútù ń sún kì, kyanite ń fẹ̀, nítorí náà kílò márùn-ún rẹ̀ nínú 100 á dín lílà kù níbi tí iná ti le jù. Kó má pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsun ún tẹ́lẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á ti ògiri fọ́. Bí inú ìléru yín ò bá sì dé ìwọ̀n iná yẹn, kò ní ṣe nǹkan kan fún yín.

Ọmọ Kútọnu

Ẹ kú làákàyè. Rutile tó kù yẹn ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fi iná mànàmáná yà á kúrò lára zircon, torí rutile ń gbé iná, zircon ò gbé e. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ olójú ńlá ní ẹ̀yà kan tó ń mú iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì jáde. Ṣé wọn ò lè fi ìyẹn ṣe é?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ọ̀nà náà wà lóòótọ́, ó sì tọ̀nà. Yanrìn gbígbóná ni wọ́n ń da sórí rólà tó ń yí lábẹ́ iná tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fóòtì. Ilmenite àti rutile á já kúrò lára rólà, zircon á lẹ̀ mọ́ ọn títí bọ́rọ́ọ̀ṣì á fi gbá a kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Gíláàsì ojú rẹ̀ ṣì lè mú iná dání lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀, iná yẹn lè pa èèyàn.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Rutile fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní ibi tó ju 1,800 °C lọ. Ẹni tó fẹ́ ta zircon fún àwọn tó ń ṣe táìlì funfun ló ń bẹ̀rù rẹ̀, torí àwọ̀. Nínú ìléru fọ́ǹtì, díẹ̀ rẹ̀ ò ní ba nǹkan jẹ́. Irin ni kí ẹ máa lé. Kódà hóró zircon tó mọ́ lè ní ìpele irin pupa fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, ìyẹn tí òòfà ò rí fà. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbóná tàbí fínígà rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án. Yóò jẹ ìkarawun tó bá ṣẹ́kù pẹ̀lú: bó bá ń hó, ìkarawun ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi kún un títí kò fi ní hó mọ́. Ìkarawun tí ẹ bá fi sílẹ̀ á di láìmù nínú iná, irú ohun funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri (kì í ṣe kaolin), á fa omi láti inú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tó bá tutù, á wú, á sì ti ara ògiri bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

Alágbẹ̀dẹ Ṣábẹ̀

Mo dúpẹ́ gidigidi, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìdí odò la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Nínú igbá àkọ́kọ́ tí a fọ̀ wò, hóró kan wà tó pọ́n bí oyin, ó wúwo débi pé ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń wà, òòfà sípíkà ò fà á. Kí nìyẹn? Èkejì: báwo la ṣe máa sọ zircon di ohun tí a lè fi kun ògiri, torí ó le, odó ò sì ràn án?

Olùkọ́ Kẹ́míísì, Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti hóró oyin yẹn kíákíá, torí ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ó lè jẹ́ staurolite, ìyẹn ò léwu. Ṣùgbọ́n hóró tó pọ́n rúsúrúsú, tó yípo, tó ń wà nísàlẹ̀ zircon, ẹ kà á sí monazite títí ẹ ó fi mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún omi. Thorium wà nínú rẹ̀, ó sì ń tú ìtànṣán jáde. Òun ló sọ yanrìn etíkun Kerala ní India di olókìkí.

Hóró díẹ̀ nínú igbá ò ní ṣe yín ní nǹkan. Ewu wà nínú lílọ̀ ọ́ kí eruku rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, àti nínú kíkó o jọ púpọ̀ sínú ilé. Òòfà neodymium ń fà á, ṣùgbọ́n kò fà á púpọ̀: ó gbọ́dọ̀ fara kàn án, kí yanrìn náà sì fẹ́lẹ́, kí ẹ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ẹ tó lọ zircon kankan, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé funfun, kí ẹ fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Bí oyin bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ bẹ yunifásítì kan tó ní ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ bá yà sọ́tọ̀, kó wà nínú gorodóòmù tó ní ìdérí, níta, jìnnà sí ibi tí èèyàn ń sùn, kí ẹ sì fi tó àwọn tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì létí.

Zircon pàápàá ní uranium àti thorium díẹ̀ nínú hóró rẹ̀. Nítorí náà, inú omi ni kí gbogbo lílọ̀ ti wáyé, kí ẹ sì fi ìbomú FFP2 tàbí FFP3 bo imú bí ẹ bá ń jọ ohun gbígbẹ. Aṣọ lásán ò dá irú eruku yẹn dúró. Eruku quartz nìkan ti tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pátápátá.

Amọ̀kòkò Kétu

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ibí yìí ka ti eruku yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí lílọ̀: ẹ má fi odó irin gún un, irin ni yóò kù síbẹ̀. Ẹ wá ike tó lágbára, bíi lítà márùn-ún, kí ẹ kó òkúta odò funfun tó le, tó sì yí róbótó, dé ìdajì rẹ̀. Ẹ da zircon kílò kan àti omi tó bò ó mọ́lẹ̀ sí i, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì wá ohun tó máa yí i lórí rólà méjì. Mọ́tò ẹ̀rọ àtijọ́ kan lè ṣe é. Ó máa pẹ́, torí zircon le ju òkúta odò lọ díẹ̀, ara òkúta náà sì ń jẹ. Ìyẹn ò burú, quartz ló ń wọlé, kì í ṣe irin.

Ẹ máa fi omi yà á, ajọ̀ ò kúná tó. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi kún, ẹ rò ó, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 45, kí ẹ rọra da omi tó wà lókè, sẹ̀ǹtímítà 20, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Hóró zircon tó ju mílímítà 0.045 lọ ti rì láàárín àkókò yẹn, èyí tó kúná lẹ dà. Ohun tó kù nísàlẹ̀ á padà sínú ike. Omi tí ẹ dà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú kó tòrò, ìyẹ̀fun á wà nísàlẹ̀.

Kíkùn rẹ̀: ìyẹ̀fun zircon 90, ẹfun tútù 7, bentonite (amọ̀ tó ń wú bí omi bá kàn án) 3. Bí ẹ ò bá rí bentonite, kí ẹfun jẹ́ 10, ṣùgbọ́n ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró, torí zircon ń yára rì, á sì dì mọ́ ìsàlẹ̀ gbagidi. Ẹ fi sítáàṣì gbágùdá tí ẹ ti fi omi gbígbóná rò sí i, bíi ẹyọ kan nínú 100, kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri kí iná tó dé. Kó ki tó ohun tí bọ́rọ́ọ̀ṣì ń gbé láìkán. Ẹ gbá eruku àti èéfín kúrò lára ògiri, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó kun èkejì. Bí ẹ bá kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sán kékeré kékeré bó bá ń gbẹ, iná á sì gbá a dànù. Kíkùn yìí kan náà, ẹ lè fi kun inú mọ́ọ̀lù fọ́ǹtì, ojú iṣẹ́ yín á jọ̀lọ̀.

Kí ẹ tó kun gbogbo rẹ̀, ẹ mọ òpó kékeré mẹ́ta onígun mẹ́ta, gíga sẹ̀ǹtímítà márùn-ún: ọ̀kan amọ̀ pupa yín, ọ̀kan ẹfun tí a pò, ọ̀kan ẹfun tí a kùn ní zircon. Ẹ tò wọ́n sórí pẹpẹ nínú ìléru, kí ẹ dá iná fọ́ǹtì. Bí ti ẹfun bá tẹ̀ tàbí tó ní àmì dúdú lára, irin tàbí iyọ̀ ṣì wà nínú ohun tí ẹ lò, ẹ padà sídìí fífọ̀.

Iná àkọ́kọ́ lẹ́yìn rírẹ́: ọjọ́ méjì lábẹ́ òjìji láìdáná. Lẹ́yìn náà, èédú díẹ̀, láìsí fáànù, kí ògiri wà ní ìwọ̀n ibi tí omi ti ń hó fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ gbé dígí lé ẹnu ìléru: bí ó bá ṣì ń gba oru, omi ṣì wà nínú ògiri, ẹ má fi iná kún un. Nígbà tí dígí bá gbẹ, ẹ máa fi èédú sí i díẹ̀díẹ̀ kí iná gòkè ní nǹkan bí 50 °C ní wákàtí kan títí ògiri á fi máa pọ́n dẹ́dẹ́ nínú òkùnkùn, kí ẹ tó tan fáànù. Ẹ gbé e dé iná tí ẹ fẹ́ lò láìfi ìkòkò sí i, ẹ di gbogbo ojú rẹ̀ pa, kó tutù fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìlà tó fẹ́lẹ́ ju èékánná lọ, ẹ fi ìyẹ̀fun zircon àti ẹfun dí i, ẹ tún kùn ún, kí ẹ tó gbé idẹ sí i.